Kí ọmọ tó dé láti Cali: bí ẹ ṣe lè lo àsìkò ìdúró

Ọ̀dùnkún ni mo kọ́kọ́ pe ọkọ mi fún ọmọ tí a ń gbà tọ́ láti Cali, ìlú kan ní Kòlómbìà. Àwọn tó ń mójú tó ọmọ náà ní Kòlómbìà ti ní ká ya fídíò kékeré kan ránṣẹ́, kó lè mọ ojú wa àti ohùn wa kí a tó dé. Mo wé gèlè, mo kun ètè, mo nawọ́ sí ọkọ mi, mo sì sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà: “Él es tu papa.” Olùkọ́ mi, ọmọ Buenaventura kan, ní etíkun Pacific Kòlómbìà, tó ń kọ́ mi ní Sípáníìṣì lórí WhatsApp, rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Papa ni ọ̀dùnkún. Papá ni bàbá. Ibi tí ohùn ti gòkè nìkan ni ìyàtọ̀ wà. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo ti ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ mi jiyàn láti ọjọ́ yìí wá pé ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́! Ojú tì mí. A tún fídíò náà yà.

Ṣàgámù ni wọ́n bí mi sí, Ẹ̀gbá ni ọkọ mi, Houston la ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. Ọdún méjì ó lé díẹ̀ la fi dúró kí wọ́n tó ní ká máa bọ̀. Ọmọ ọdún 8 ni ọmọkùnrin wa nígbà tí a pàdé rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, n kò sì ní sọ ohun tó gbé e dé ọwọ́ ìjọba. Ìtàn tirẹ̀ nìyẹn, òun ni yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń dúró sọ ni ohun tí ẹ lè máa ṣe láwọn oṣù tí fóònù kò bá dún.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bi wá ni pé, “Ṣé ọmọ tán ní Nàìjíríà ni?” Kò tán. Ọ̀nà ti Nàìjíríà wà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba ti mọ̀ pé ìjọba ibẹ̀ fòfin dí ọ̀nà náà láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2021. Ní tiwa, ọkọ mi ti bá àwọn ará Kòlómbìà ṣiṣẹ́ ìkọ́lé fún ọdún púpọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti gbọ́ pé àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa pọ̀ ní Cali àti ní etíkun Pacific, àti pé ọmọ tó bá ti dàgbà díẹ̀ kì í tètè rí ẹni mú un.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà èdè ti bẹ̀rẹ̀. ICBF ni àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọmọ ní Kòlómbìà, 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 2013, àjọ náà dáwọ́ gbígba ìwé tuntun dúró lọ́wọ́ àwọn àjèjì tó ń wá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ọmọ tó ṣẹ́ kù fún irú wa ni èyí tó ti dàgbà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọn kò fẹ́ pín níyà, àti èyí tó nílò ìtọ́jú. Ẹni tí ẹ ń lọ mú ti kúrò ní ọmọ tí a ń kọ́ ní “màmá”. Èdè ti kún ẹnu rẹ̀. Ó ti mọ oúnjẹ tó fẹ́ràn, ó ti mọ àwàdà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bú ènìyàn. Nínú ilé yẹn, ẹ̀yin lọmọ ọwọ́.

N kò ní pẹ́ lórí ìwé. Kòlómbìà ní kí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ti pé ọdún 25, kó sì fi ọdún 15, ó kéré tán, ju ọmọ náà lọ. Amẹ́ríkà àti Kòlómbìà jọ wà nínú àdéhùn Hague ti 1993 lórí gbígba ọmọ tọ́ láti ilẹ̀ mìíràn, nítorí náà fọ́ọ̀mù I-800A ni àwa ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń kọ, a sì ń jókòó gba ẹ̀kọ́ tí kò dín ní wákàtí 10. Wọn yóò túmọ̀ gbogbo ìwé yín sí Sípáníìṣì. Èyí tó bá ti Nàìjíríà wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ìwé ìgbéyàwó wa nìkan gba oṣù mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ó tán.

Ẹ fi etí Yorùbá kọ́ èdè náà

Ẹni tó bá mọ àmì ohùn ti ní ohun tí òyìnbó kò ní. Àmì tí wọ́n ń fi sórí fáwẹ̀lì ní Sípáníìṣì, ẹ kà á bí ohùn òkè, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ìyókù rọlẹ̀. Hablo, tí ohùn rẹ̀ gòkè níwájú, ni “mò ń sọ̀rọ̀”. Habló, tó gòkè lẹ́yìn, ni “ó sọ̀rọ̀”. Bí ọ̀rọ̀ kò bá ní àmì, tó sì parí sí fáwẹ̀lì, sí n tàbí sí s, sílébù tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn ni ohùn ti ń gòkè. Òfin kan yẹn ló gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dùnkún.

Fáwẹ̀lì wọn kò ju márùn-ún lọ. Kò sí ẹ àti ọ tiwa níbẹ̀. J wọn sún mọ́ h tiwa, ll wọn sún mọ́ j tiwa, b àti v wọn kò yàtọ̀ síra. Èyí tó léwu ni ñ. Àmì kékeré orí rẹ̀ dà bí àmì ìsàlẹ̀ ọ tiwa: bó bá já bọ́, ọ̀rọ̀ ti dìtìjú. Año ni ọdún. Ano ni ihò ìdí. Mo rí káàdì tí ọkọ mi fẹ́ fi kí ọmọ náà kú ọdún 8, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé èmi ni mo kọ́kọ́ kà á.

Àwọn áàpù orí fóònù yóò kọ́ yín bí a ṣe ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Rélùwéè wo? Ọ̀rọ̀ ara àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi níyẹn, nítorí ẹni tó ń jẹ̀rora kì í ro gírámà. Mo kọ wọ́n sí bébà, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ilé ìdáná: me duele, ó ń dùn mí, tengo miedo, ẹ̀rù ń bà mí, quiero hacer chichí, mo fẹ́ tọ̀, no quiero, n ò fẹ́, me hace falta, àárò rẹ̀ ń sọ mí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni etí mi gbọ́ jù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá ń sọ pé àárò obìnrin tó tọ́jú òun tẹ́lẹ̀ ń sọ òun, kò kọ̀ yín. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í bí obìnrin náà ṣe ń se ìrẹsì.

Olùkọ́ tó bá ti àdúgbò ọmọ náà wá ni kí ẹ wá. Sípáníìṣì Bogotá, olú ìlú wọn, yàtọ̀ sí ti Cali, ti Cali yàtọ̀ sí ti etíkun, bí ẹni pé ẹ gbé ará Ìjẹ̀bú sáàárín àwọn ará Èkìtì. Àwọn ará Pacific a máa gbé s ìparí ọ̀rọ̀ mì. Bí ẹ bá kọ́ èdè lọ́dọ̀ ará Spéìn, ẹ ó dé Cali, ẹ ó rò pé Potogí ni wọ́n ń sọ.

Olùkọ́ tèmi tún kọ́ mi ní ohun tí ìwé atúmọ̀ kò lè kọ́ mi. Ahorita: ìwé ní “nísinsìnyí” ni. Irọ́ ni. Yorùbá tó ti bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, tó ń lọ, tó ní “mò ń bọ̀”, ahorita nìyẹn. Ya voy náà, lójú ìwé “mo ti ń lọ” ni, lẹ́nu ènìyàn “ẹ dúró ná” ni. Nígbà tí ẹnì kan sọ fún wa lórí fóònù pé ahorita ni wọn yóò pè wá, mo gbé fóònù lé àyà sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìpè yẹn kò dé títí òjò ọdún yẹn fi dá. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, yóò gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Bẹ́ẹ̀ ni regáleme: ẹni tó ní “regáleme un café” kò tọrọ kọfí lọ́fẹ̀ẹ́, ó fẹ́ rà á ni. Qué pena con usted: ó ń tọrọ àforíjì ni, kò káàánú yín.

Lórí èdè tí a ó máa sọ nílé, èmi àti ọkọ mi jà. Ó fẹ́ kí Yorùbá jẹ́ àkọ́kọ́, kí ọmọ má baà dàgbà bí àwọn ọmọ ìjọ wa tí wọn kò lè kí ìyá àgbà. Mo ní rárá. Sípáníìṣì ni kó bá nílé, kó lè rí ibi sinmi. Gẹ̀ẹ́sì ń dúró dè é ní ilé ìwé, a kò ní láti lé e kiri. Yorùbá á máa yọ́ wọlé: ẹ káàárọ̀, ẹ ṣé, wá jẹun. Èmi ni mo borí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé èmi ni mo jàre, nítorí Yorùbá tí ọkọ mi ń sọ fún un nínú mọ́tò ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù báyìí, pàápàá èébú tí wọ́n ń bú àwọn awakọ̀ tó bá já níwájú wọn.

Usted àti “ẹ”

Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n ní usted, wọ́n sì ní tú. Mo ní, áà, “ẹ” àti “ìwọ” nìyẹn, ilé la wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Bogotá, tọkọtaya a máa pe ara wọn ní usted, ìyá a máa sọ ọ́ sí ọmọ inú rẹ̀, mo sì gbọ́ tí ọkùnrin kan fi bá ajá rẹ̀ wí. Ní Cali, vos ni àwọn ojúgbà máa ń lò láàárín ara wọn. Nítorí náà bí ọmọ bá pè yín ní usted, ẹ má tíì yọ̀ pé ó mọ̀wọ̀; bó bá sì pè yín ní vos, ẹ má fojú yán an, kò rí yín fín. Fún oṣù kan, etí ọkọ mi kò gbà á. Bí ọmọ bá ti ní “vos”, ojú rẹ̀ á le bí ti ẹni tí ọmọdé fi orúkọ pè lójà.

Ẹ wá wo ibi tí àwa àti wọ́n ti pàdé. Bí ẹ bá pe ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa níbẹ̀, kì í ní “kí ni?” A máa dáhùn pé “¿Señora?” Nígbà tí ó kọ́kọ́ dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ ní Cali, ìyá ọkọ mi wà lórí fídíò láti Abẹ́òkúta. Wọ́n pariwo: “Ó mà ń sọ ‘mà’!” Wọ́n sọ fún gbogbo àdúgbò.

Wọ́n tún máa ń pe ọmọ kékeré ní papi tàbí mami. Ará Houston á ní kí ló dé tí ẹ fi ń pe ọmọ ní bàbá. Àwa ńkọ́, tí a ń pe ọmọ ọdún méjì ní “bàbá mi”? Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń pè é ní papi, mo ń pè é ní bàbá mi, kò yà á lẹ́nu rárá.

Èyí tó le ni negro, “dúdú”, mi negra, “dúdú mi”, àti gordo, “sísanra”. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, àyà rẹ̀ á já. N kò sọ pé kò sí ìkórìíra aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ o. Ó wà, ọmọ yín sì lè ti rí i jù yín lọ. Ẹ máa wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́. Obìnrin tó ń ta máńgòrò lójà tó pè mí ní mi negra ló fi èso méjì ṣe èènì fún mi. Ñapa ni wọ́n ń pe èènì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú èdè náà nìyẹn.

“Pẹ̀lẹ́” kò sí. Bí ọmọ bá ṣubú tí ẹ sì ní “perdón”, á rò pé ẹ̀yin lẹ tì í. Tiwọn ni kí wọ́n pa ibi tó ń dùn ún rẹ́, kí wọ́n sì sọ ọfọ̀ kékeré kan tó ń pe ìrù ọ̀pọ̀lọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ kò nírù. Ẹ bi wọ́n. Mo kọ́ ọfọ̀ náà, lẹ́yìn rẹ̀ mo máa ń fi “pẹ̀lẹ́” kún un, òun náà wá ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi fi orí gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, láti inú yàrá ni ọmọ ti ń ké “pẹ̀lẹ́ o!”

Ọwọ́ nìkan ló kù kí n sọ. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ júwe bí ọmọ ṣe ga tó, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni fẹ́ gé nǹkan. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹran lẹ fi í ṣe. Wọ́n ń fi ètè júwe ọ̀nà, ẹ má rò pé wọ́n ń yọ ṣùtì sí yín. Ọwọ́ òsì kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ẹ sọ fún àwọn àgbà ilé kí wọ́n tó rí i.

Ojú, ẹnu, àti pàṣán

Ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ̀ wá wò bóyá a lè gba ọmọ bi wá bí àwọn òbí wa ṣe tọ́ wa. Ọkọ mi tí kì í parọ́ ní pàṣán bàbá òun ní orúkọ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Òfin 2089 ti ọdún 2021 ní Kòlómbìà kò gba kí òbí lu ọmọ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà kò bínú. Ó ní ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni ohun tí a ó máa ṣe dípò rẹ̀. A kò ní èsì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wá tiyín kí wọ́n tó bi yín.

Mo rò pé mo ní i: ojú. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ojú ìyá rẹ̀. Ìyá á wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú àlejò, o ti mọ̀ pé kí o má gba ẹran yẹn. Mo wo ọmọ wa bẹ́ẹ̀ ní ilé àwọn ọ̀rẹ́ wa, mo wò ó títí. Ó dìde, ó bá mi fẹ́ atẹ́gùn sí ẹyinjú, ó rò pé nǹkan kó sí mi lójú. Bí a bá sì ń bá a wí, á wò wá lójú gban-n-gban, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ tó wolẹ̀, lójú tiwọn, irọ́ ló ń pa. Ọkọ mi ní láti kọ́ ara rẹ̀ pé ojú tó ń wo òun kò ta ko òun.

Ata wá ńkọ́? Àwọn ará Cali kì í se ata mọ́ oúnjẹ bí tiwa. Ají a máa wà nínú abọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó bá wù ló ń bù ú. Oṣù mẹ́fà kí a tó lọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín ata rodo kù nínú ọbẹ̀: mẹ́rin di méjì, méjì di ìdajì. Ọkọ mi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá ó ra ìgò ata gbígbẹ tirẹ̀, ó ń gbé e kiri bí oògùn ìfúnpá.

Ìyókù rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tajadas de maduro, dòdò ni, kò sí ohun tí wọ́n fi yàtọ̀. Patacón ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, wọ́n á dín in, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á tún dín in. Yuca ni ẹ̀gẹ́, bíbọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Iṣu, ñame ni wọ́n ń pè é, apá Caribbean ló ti wọ́pọ̀, ní Córdoba àti Sucre. Wọ́n a fi í se ọbẹ̀ pẹ̀lú wàràkàṣì. Ọmọ wa kì í ṣe ará ibẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ nípa iyán títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe pandebono kí ẹ tó lọ: ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ àti wàràkàṣì ni, a máa wú nínú ààrò. Mo ba ogún jẹ́ kí ọ̀kan tó dára. Wọ́n tún ń ju wàràkàṣì sínú ṣokoléètì gbígbóná. Ẹ má bi mí. Ẹ mu ún.

Orúkọ, àti àwọn ará ilé

Ìyá ọkọ mi fi orúkọ mẹ́rin ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí a sọ fún wọn. Ó wá di pé kí n ṣàlàyé òfin fún wọn. Abala 64 nínú òfin 1098 ti 2006 ní ọmọ yóò máa jẹ́ orúkọ ìdílé wa, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ gan-an, a kò lè yí i àfi bí kò bá tíì pé ọdún 3, tàbí bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà, tàbí bí adájọ́ bá rí ìdí tó tọ́. Mo fara mọ́ òfin náà. Orúkọ yẹn ni ẹrù kan ṣoṣo tí ọmọ náà gbé dání tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà. Ohun tí a ṣe ni pé a ka orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un, a sọ ìtumọ̀ wọn, a ní kó mú èyí tó bá wù ú. Ó mú èyí tó kúrú jù. Ọjọ́ kẹjọ tó wọ Houston la ṣe ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú oyin, iyọ̀, obì àti orógbó. Orúkọ tó gbé wá la kọ́kọ́ pè, ká tó pe tiwa. Orógbó korò lẹ́nu rẹ̀, ó sì bi wá bóyá ọmọ Yorùbá ṣẹ̀ ni.

Ẹ fi àkókò ìdúró bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n á ní: “Èyí á pe tiyín wá.” Wọ́n rò pé àdúrà ni. Mo ti ṣe àmín sí i nígbà kan, n kò fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí ọmọ ọdún 8 gbọ́ ọ: ìwọ kọ́ ni ọmọ, ìwọ ni ìdẹ tí a fi ń mú ọmọ. Mo sọ fún ìyá mi, mo sọ fún àwọn ìyá ìjọ, mo ní ẹni tó bá sọ ọ́ létí rẹ̀ kò ní wọ ilé wa mọ́. Àwọn kan bínú. Àǹtí mi kan tilẹ̀ pòwe fún mi pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Mo ní, “Àǹtí, ọmọ ẹni náà là ń sọ.” Wọ́n dákẹ́. Lórí oríkì, mo ti ń bẹ̀rù pé wọn kò ní gbà kí wọ́n ki í ní oríkì ilé wọn. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ki í, lórí fóònù, kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n ní ẹni tí àwọn bá pè ní ọmọ ọmọ àwọn, òun ni àwọn ń kì.

Wọ́n á ní kí ẹ ṣe ìwé fọ́tò ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ẹ ya ibùsùn rẹ̀, ẹ ya fèrèsé rẹ̀ àti ohun tí ènìyàn lè rí láti ibẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sábẹ́ rẹ̀ ní Sípáníìṣì. Ọkọ mi fẹ́ fi Egúngún ilé wọn sí i. Mo ní ọmọ yìí kò tíì rí ẹ, o fẹ́ fi eegun kí i. Ibi tí mo ti ṣìnà ni fọ́tò ìyá ọkọ mi. N kò kọ nǹkan kan nípa ilà ojú wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ó bi wá ní Cali: kí ló ha ìyá àgbà lójú, ṣé ó ṣì ń dùn wọ́n?

Kí n tó gbàgbé: ẹ má wá Yorùbá níbi tí kò sí. Cuba àti Brazil ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ jù. Ní Kòlómbìà, abúlé San Basilio de Palenque ní èdè tirẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà nínú, ṣùgbọ́n Kikongo ló ti wá. Ọkọ mi lo oṣù kan tó ń wá Ṣàngó ní Cali. Ijó currulao ló rí, pẹ̀lú agogo onígi tí wọ́n fi igi chonta ṣe, ó sì jó o.

Ìdúró fúnra rẹ̀ nílò nǹkan tí ọwọ́ lè ṣe. Tiwa ni àbẹ́là. Alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, gbogbo Kòlómbìà a máa tan àbẹ́là síwájú ilé. Ọdún àkọ́kọ́ tí a ṣe é, àwọn aládùúgbò wá béèrè bóyá wọ́n gé iná wa ni. Ọdún kejì, wọ́n mú àbẹ́là tiwọn wá. Ẹ rántí pé alẹ́ ọjọ́ 24 ni ọmọ ibẹ̀ ń retí ẹ̀bùn Kérésì, lọ́wọ́ Jésù ọmọ ọwọ́, kì í dúró de àárọ̀.

Gbogbo ohun tí mo kọ́ wọ̀nyí, mo gbé e dání dé Cali. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ sùn lọ́dọ̀ wa, nínú fúláàtì tí a yá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Cobija.” N kò mọ̀ ọ́n. Mo gbé omi wá. Ó mi orí. Mo gbé búrẹ́dì wá. Ọkọ mi gbé táwẹ̀lì wá. “Cobija,” ó tún wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Manta ni áàpù kọ́ mi, oṣù mọ́kànlá gbáko. Nígbà tó yá ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí àpótí mi, ó fa ìró àǹkárá mi kan yọ, ó fi bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì sùn. Ó ṣì ń fi í bora títí di òní. Cobija ni aṣọ ìbora. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri yín.